Ohun Tí Kóòtù Kò Bi Mí

Mo ń fa sípóòkù kẹ̀kẹ́ kan, mo sì tún gbójú sókè wo ọ̀nà. Kò sí ẹnikẹ́ni. Mo yí rímù náà. Ó ṣì ń mì sí apá ọ̀tún. Mo dẹ sípóòkù kan, mo fún èkejì. Mo tún wo ọ̀nà.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti kọjá. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Láti ọdún méjìlá, kò sí ọjọ́ Jímọ̀ tí Asana kì í dé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kí aago mẹ́jọ tó lù. Òjò kò dá a dúró. Ààwẹ̀ kò dá a dúró. Kakpagyili ló ti ń wá, ní òdìkejì ìlú Tamale ní Gánà níbí, títí dé Kanvili níbi tí mo wà. Bí kò bá rí ọkọ̀ wọ̀, á fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ọ̀sẹ̀ kẹta nìyí tí mi ò rí i.

Asana ni ìyá Fataw. Fataw ló pa Àbdùlhàmíd, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí.

Bó ṣe máa ń ṣe kò yí padà. Á bọ́ bàtà, á lóṣòó, á gbé ojú sílẹ̀. Á kí mi ní èdè àwọn Dagomba: "Dasiba." "Naa" ni wọ́n fi ń dáhùn. Èmi kì í dáhùn. Á wá sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní Haúsá, nítorí Haúsá ni àwa méjèèjì jọ ń sọ: "Bàbá Hàmíd, ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín, ọwọ́ yín ló wà. Mo bẹ̀ yín nítorí Ọlọ́run." Á wà lórí ìlóṣòó títí n ó fi tún rímù kan ṣe tán. Á dìde, á wọ bàtà, á lọ. Mi ò lé e rí. Mi ò dá a lóhùn rí.

Ọdún 2009 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ilé kéwú kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì lọ. Ilé Asana àti ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa nígbà náà. Nígbà tí wọ́n dàgbà, Fataw ń sun ẹran tà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó yá alùpùpù Hàmíd, ó dá a padà pẹ̀lú iná iwájú tó ti fọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wọn. Àwọn tó dúró láti ra ẹran ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀bẹ tí Fataw fi ń gé ẹran wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fi gún ọmọ mi. Adájọ́ sọ lẹ́yìn náà pé ẹ̀ẹ̀kan lè jẹ́ ìbínú, pé ẹ̀ẹ̀mejì ti kọjá ìbínú.

Ẹjọ́ náà gba ọdún méjì. Mi ò pa ọjọ́ kan jẹ. Mo máa ń wọ aṣọ Jímọ̀ mi lọ, mo máa ń jókòó sórí àga iwájú, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ á sì wà ní ẹnu mi. Nínú ẹ̀sìn wa, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n pa, ti ẹbí rẹ̀ ni. Àwọn ni adájọ́ máa bi: ṣé ẹ̀mí lẹ fẹ́, àbí owó ẹ̀jẹ̀, àbí ẹ dárí jì í? Àfáà wa sọ ọ́ níbi òkú Hàmíd. Gbogbo wa ní Zongo, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí àlejò, ló mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ìjọba náà mọ̀ ọ́n.

Mo ti pinnu ohun tí n ó sọ. Kí wọ́n pa á ni.

Àmínátù ìyàwó mi ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo ní ẹnu mi ni wọ́n máa bi, kì í ṣe ẹnu rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, adájọ́ ka ìwé fún bíi wákàtí kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí wọ́n lọ yẹgi fún Fataw. Asana ṣubú lulẹ̀ lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ìró rẹ̀, mi ò wẹ̀yìn. Gbogbo èèyàn dìde. Adájọ́ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Mo ṣì jókòó.

Mo lọ bá akọ̀wé kóòtù. Mo ní, "Ìgbà wo ni adájọ́ máa wá bi mí?"

"Kí ló máa bi yín, Bàbá?"

"Bóyá kí wọ́n pa á, tàbí kí wọ́n má pa á."

Ó wò mí bóyá mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tó rí i pé mi ò ṣeré, ó fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, kì í ṣe ẹjọ́ yín. Ìjọba Gánà ló ń bá Fataw ṣẹjọ́. Ẹlẹ́rìí ni yín. Ẹlẹ́rìí kẹrin."

Mo gbé ọ̀rọ̀ mi padà sílé. Mi ò sọ fún ẹnì kankan, àní Àmínátù.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni Asana kọ́kọ́ wá. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì ti kó lọ sí Kakpagyili, sí ilé àwọn èèyàn rẹ̀. Àgbà mẹ́ta tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àfáà àdúgbò wọn. Àwọn àgbà ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìjọba kò lè pa ẹni tí ẹlẹ́jẹ̀, ìyẹn ẹbí ẹni tó kú, bá dárí jì. Wọ́n ní ohùn mi nìkan ló kù tí okùn náà ń dúró dè. Ohun tí èmi náà ti rò ni wọ́n ń rò. Ó yẹ kí n sọ fún wọn. Gbólóhùn mẹ́ta ni ì bá gbà mí.

Mo dákẹ́. Mo wo obìnrin náà lórí ìlóṣòó, mo sì sọ nínú ara mi pé kó máa lóṣòó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó rẹ àwọn àgbà. Kò rẹ Asana.

Àmínátù máa ń dúró dè é ní kọ̀rọ̀ ilé, á fún un ní omi mu kó tó lọ. Mo mọ̀. Mi ò sọ nǹkan kan sí i. Nígbà tí àìsàn dá Àmínátù dùbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi gbẹ̀yìn nípa ayé yìí ni, "Dá obìnrin yẹn lóhùn." Mo ní mo ti gbọ́. Ọdún méje rèé tó ti kú.

Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ti dínkù. Alùpùpù ni àwọn ọ̀dọ́ ń gùn. Àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́, ìlú àwọn bàbá wa, tí a jọ máa ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn kan ti kú, àwọn kan ti padà sí Nàìjíríà. Ọmọ àwọn tó kù gbọ́ èdè wa, wọ́n kì í fi í dáhùn. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí mi ò gbọ́ ohùn ara mi láti ọjọ́ Àbámẹ́ta títí di Ọjọ́bọ̀, àfi nínú ìrun. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹnì kan á wá, á pè mí ní Bàbá Hàmíd. Kò sí ẹlòmíràn tó tún ń pe orúkọ ọmọ mi létí mi.

Ìbínú ti tán nígbà náà. Mi ò mọ ọjọ́ tó tán. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá dá a lóhùn, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní wá mọ́. Nítorí náà mi ò dá a lóhùn.

Àbúrò mi Tájù dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ó gbé tíì àti búrẹ́dì lọ́wọ́. Kpalsi ló ń gbé. Ó wa ọkọ̀ ní Kumasi fún ọgbọ̀n ọdún, ibẹ̀ ló ti fẹ́ onígbàgbọ́, ó sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàtíìsì tẹ̀ lé ìyàwó. Orúkọ rẹ̀ kò yí padà. Ọdún méjì sẹ́yìn ló padà wá.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, rímù yìí ti tọ́. Kí lẹ tún ń fà níbẹ̀?"

"Kò tíì tọ́."

"Ọ̀nà lẹ ń wò. Rímù kọ́."

Mo tún yí rímù náà. Ó bu búrẹ́dì, ó na èyí tó tóbi sí mi.

"Kò ní wá. Ẹ̀yin náà gbọ́ rédíò ní oṣù tó kọjá. Ilé aṣòfin ti yọ ikú kúrò, ẹni tó bá pààyàn, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Wọ́n ní wọ́n máa yí ti àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ padà. Wọn ò ní yẹgi fún ọmọ rẹ̀ mọ́. Kí ló tún fẹ́ wá bẹ̀?"

"Mo gbọ́."

"Pásítọ̀ wa wàásù lé e lórí ní Sọ́ńdè. Ó ní ó yẹ kí wọ́n ti ṣe é tipẹ́. Ó ní Jésù sọ pé kí ẹni tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ sọ òkúta."

"Wọn ò pa ọmọ pásítọ̀ yín."

"Wọ́n pa ọmọ Ọlọ́run fúnra rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n! Kóòtù ló dá ẹjọ́ náà, ìjọba ló kàn án mọ́gi." Ó rẹ́rìn-ín, tíì dà sí i lẹ́sẹ̀. "Mo mú yín lónìí."

"Ẹ̀mí dípò ẹ̀mí wà nínú Bíbélì yín."

"Ti Mósè nìyẹn."

"Ìgbà wo lẹ lé Mósè kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"A ò lé e. Ẹ̀yìn ló jókòó sí." Ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀. "Kùránì tiyín ńkọ́? Ṣé kò sọ pé ẹ̀mí fún ẹ̀mí ni?"

"Ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó tún sọ pé ẹni tó bá fi í tọrẹ, yóò pa ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ rẹ́."

"Ẹ mọ ìyẹn, ẹ sì jẹ́ kí ìyá olóyìnbó wá lóṣòó fún ọdún méjìlá." Bó ṣe máa ń pe Asana nìyẹn, nítorí pé ó pupa. Ẹ̀rín ló ń rín lọ. "Ó dáa, ìjọba kò kúkú fi ọ̀rọ̀ yín ṣe nǹkan kan. Kóòtù Gánà kì í bi ẹlẹ́jẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Ẹ̀rín kúrò ní ojú rẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ ìdájọ́."

"Òun náà mọ̀?"

"Kò mọ̀."

Tájù gbé ife tíì sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n."  Lẹ́yìn náà ó gba kọ́kọ́rọ́ sípóòkù lọ́wọ́ mi. "Ẹ dìde."

"Ìrun Jímọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ kí i ní Kakpagyili. Àwọn náà ní mọ́sálásí."

"Wá kálọ."

"Rárá. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ máa lọ. N ó jókòó ti ṣọ́ọ̀bù."

Mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, irú èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní yẹ́lò-yẹ́lò. Mo ti ń gbé Tamale láti kékeré, mi ò tíì dé Kakpagyili láti ọdún mẹ́rìnlá. Ọ̀nà náà gùn ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ro iye ìgbà tí obìnrin náà ti rìn ín, mo sì dẹ́kun ríro rẹ̀. Mo kírun. Mo bi ọkùnrin kan ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí pé ibo ni ilé Asana, ìyá Fataw. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀ kó tó nawọ́.

Ó wà ní àgbàlá, ó jókòó ti ọpọ́n ńlá kan, ó ń po òrí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wọ inú ọpọ́n dé ìgúnpá. Òrí náà ṣì dúdú bíi ẹrẹ̀. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun.

Mo ní, "Dasiba." Ọ̀sán ti pọ́n, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kí èèyàn lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n òun ni mo mọ̀.

"Naa," ni ó dáhùn. Bí ẹni ń dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Kò dìde. "Ẹ jókòó, Bàbá Hàmíd. Ẹ dárí jì mí, mi ò lè fọwọ́ sílẹ̀. Bí mo bá dá a dúró báyìí, kò ní dì."

Mo jókòó sórí àpótí. Ó ń po òrí lọ. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ti gbó ju ojú rẹ̀ lọ.

Mo ní, "Mi ò rí ọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo rò pé ara rẹ kò yá."

"Ara mi yá." Ó da omi díẹ̀ sínú ọpọ́n. "Agbẹjọ́rò kan pè mí. Ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ó ní òfin ti yí padà, pé kí n fọkàn balẹ̀. Mo ní kó bá mi sọ fún ìjọba pé kí wọ́n ní sùúrù sí i, pé bàbá ọmọ náà kò tíì fọhùn, ṣùgbọ́n kò lé mi. Ó ní, bàbá wo? Ó ní kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí wọ́n bi bàbá."

Ó gbójú sókè wò mí. Ní ọdún méjìlá, mi ò tíì rí ojú rẹ̀ tààrà.

"Ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Kí o tó wá nígbà àkọ́kọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Mo rò pé yóò bú mi. Mo ti múra sílẹ̀ fún un. Ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

"Mo gbà pé inú ń bí yín," ni ó sọ.

"Ní ìbẹ̀rẹ̀."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Kò sí ẹlòmíràn tó ń wá."

 Òrí náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ ní etí ọpọ́n.

"Wọ́n máa ń jẹ́ kí Fataw pè mí lẹ́ẹ̀kan lóṣù," ni ó wí. "Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ṣé ó dáhùn? Èmi á ní, kò tíì dáhùn, ṣùgbọ́n kò lé mi. Òun á ní, ó dáa. Ìyẹn ló fi ń sùn. Èwo nínú yín ni kí n bínú sí báyìí, ẹni tí kò sọ òtítọ́, tàbí ẹni tí kò lé mi? Ẹnì kan náà ni."

Mo ní, "Mo dárí jì í."

"Ẹ ń sọ fún mi? Èmi kọ́ ni mo gún ọmọ yín."

"Báwo ni kí n ṣe é?"

"Ẹ kọ ọ́. Bíírò wà lójú fèrèsé, ìwé wà lábẹ́ rẹ̀. Ó lè ka àjàmí, ẹ̀yin náà lẹ mọ ibi tó ti kọ́ ọ."

Mo dìde, mo mú un. Mo gbé ìwé náà lé orúnkún mi, mo fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ọ́ ní Haúsá bí wọ́n ṣe kọ́ wa.  Mo kà á sókè fún un: "Èmi Mọ̀múdù, bàbá Àbdùlhàmíd, mo dárí jì Fataw ọmọ Asana. Mi ò béèrè ẹ̀mí. Mi ò béèrè owó ẹ̀jẹ̀. Èmi nìkan ló kù nínú àwọn òbí tó ni ẹ̀jẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ mi sì ni òpin rẹ̀."

"Ẹ fi kún un pé ẹ mọ̀ láti ọjọ́ ìdájọ́."

Mo wò ó.

"Kó má bàa rò pé ìyá òun kò bẹ̀bẹ̀ dáadáa," ni ó wí.

Mo fi kún un. Ìyẹn ló pẹ́ jù lọ láti kọ. Mo fọwọ́ sí i, mo kọ ọjọ́ oṣù. Kò sí adájọ́ tí yóò ka ìwé náà, kò sì sí ohun tí yóò yí padà ní ẹ̀wọ̀n. Ó ní kí n fi sábẹ́ bíírò, pé ẹnì kan ń lọ sí gúúsù, níbi tí ẹ̀wọ̀n náà wà, ní ọjọ́ Ajé, yóò bá òun mú un dé ọ̀dọ̀ Fataw.

Òrí ti funfun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ láti ojú omi, ní ìṣù-ìṣù. Kò sí ohun tí mo tún ń dúró ṣe níbẹ̀.

Mo ní, "Jímọ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Ó mọ ohun tí mo ń béèrè. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀.

"Ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn tó ń ra òrí máa ń ti Bolga wá, Bàbá Hàmíd. Mi ò bá wọn pàdé fún ọdún méjìlá. N ó máa bá wọn pàdé báyìí."

"Ó dáa."

"Bí ẹ bá ń kọjá, ẹ yà."

Àwa méjèèjì mọ̀ pé èmi kì í gba Kakpagyili kọjá.

Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, òrí ń kán sílẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti ní Fataw ti bi òun nínú oṣù Júùnù bóyá mo ṣì rántí ọ̀sán ọjọ́ tí àwọn ọmọ méjèèjì parí Kùránì, kí àlejò kankan tó dé fún wòlímà, tí Àmínátù se ìrẹsì àti ẹ̀wà, tí ìdílé méjèèjì sì jókòó jẹun ní àgbàlá wa. Fataw ní òun ń rántí rẹ̀ lójoojúmọ́.

Mo ní kó sọ fún un pé mo rántí.

Àwa mẹ́fà la jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mẹ́ta ló kù: èmi ní Kanvili, Asana ní Kakpagyili, Fataw ní ẹ̀wọ̀n.